Robert FitzRoy, Ẹni Tí Ó Wọn Òkun Lẹ́yìn Ìsẹ̀lẹ̀

Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí òru nì, nígbà tí àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń gbé Paulu lọ sí Romu ń sọ okùn sínú omi léraléra, tí wọ́n ń wọn òkun, nítorí tí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ọkọ̀ wọn má baà forí sọ àpáta. Iṣẹ́ àtijọ́ ni iṣẹ́ wíwọn òkun. Okùn kan, òjé kan tí a so mọ́ ìdí rẹ̀, ọwọ́ tí kò gbọ̀n, àti ẹnu tí kò purọ́: ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò ju ìwọ̀nyí lọ. Ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó fi irú okùn bẹ́ẹ̀ wọn ìsàlẹ̀ òkun yí erékùṣù kan ká ní ọdún 1835, lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní ilẹ̀ Chile, ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, a máa ń dárúkọ rẹ̀ kìkì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀ tí ó gbé Charles Darwin yí ayé ká, bí ẹni pé òun tìkára rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn. Àwa rò pé ó yẹ kí a mọ ohun tí ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, nítorí tí iṣẹ́ náà wà láàyè títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é kú ní ọ̀nà tí ó ba ni nínú jẹ́ gidigidi.

A bí Robert FitzRoy ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1805, ní Ampton, ní agbègbè Suffolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọlọ́lá ni. Baba tí ó bí baba rẹ̀ ni Dúùkù Grafton kẹta, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ náà rí, ìdílé wọn sì ti ara Ọba Charles Kejì ṣẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọ kékeré. Kò ì tíì pé ọmọ ọdún 13 nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Portsmouth ní ọdún 1818. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìṣirò, àwòrán yíyà, àti ọgbọ́n fífi oòrùn àti ìràwọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Nígbà tí ó ṣe ìdánwò láti di ọ̀gágun kékeré ní ọdún 1824, gbogbo máàkì ni ó gbà láìku ẹyọ kan, a kò sì rí ẹni tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìdánwò jẹ́ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kan ti wà lára ogún ìdílé rẹ̀. Ní ọdún 1822, arákùnrin ìyá rẹ̀, Castlereagh, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ó lágbára jù lọ ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù kan ti wọ ọkàn ọmọkùnrin yìí, pé bóyá irú àárẹ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀ lè bá òun náà ní ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Ní ọdún 1828, ọkọ̀ onígbòkun kan tí à ń pè ní Beagle wà ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń wọn etíkun láti fi ya máàpù fún àwọn atukọ̀. Òtútù, ìjì àti àdáwà ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ọkọ̀ náà, Pringle Stokes, fi sọ ìrètí nù, tí ó sì yìnbọn pa ara rẹ̀. FitzRoy ni a fi sí ipò rẹ̀ ní ìparí ọdún náà, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 23. Kò pẹ́ tí ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò gbàgbé títí ó fi kú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1829, nítòsí Maldonado, bàrómítà, èyíinì ni ohun èlò tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ti wúwo tó, ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kánjú láti dé èbúté, kò sì ka àmì náà sí tó bí ó ti yẹ. Ìjì dé lójijì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọkọ̀ náà dojú dé, atukọ̀ méjì sì ṣègbé sínú omi. Láti ọjọ́ náà ni FitzRoy ti pinnu pé ohun èlò ìwọ̀n kì í ṣe ohun tí a ń wò kí a sì kọjá lọ. Ohun tí ó bá fi hàn ni kí a gbà, ìbáà bá ìfẹ́ wa mu tàbí kò bá a mu.

Ní ọdún 1830, ní Tierra del Fuego ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà, àwọn ará ibẹ̀ jí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan mọ́ ọn lọ́wọ́. FitzRoy mú díẹ̀ nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé a óò dá ọkọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n a kò dá a padà, ó sì kó ènìyàn mẹ́rin lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Fuegia Basket, ọmọbìnrin tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Jemmy Button, York Minster àti Boat Memory. Orúkọ tí àwọn atukọ̀ sọ wọ́n nìyí, kì í ṣe orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. A kò lè sọ pé ohun tí ó tọ́ ni pé a mú ọmọ ọlọ́mọ kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀, àwa tí a mọ ìtàn Àjàyí Crowther kò sì gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹpẹrẹ. Boat Memory kú nípa ìgbóná ní kété tí wọ́n gúnlẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ó kù lọ sí ilé-ìwé ní Walthamstow, àwọn ará Ẹgbẹ́ C.M.S. sì wà lára àwọn tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà, ẹgbẹ́ kan náà tí ó ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, níbi tí Àjàyí ti kàwé. FitzRoy ṣe ìlérí pé òun yóò dá wọn padà sí ilẹ̀ wọn, àní bí òun tilẹ̀ ní láti fi owó ara òun háyà ọkọ̀. Ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ajíhìnrere kan, Richard Matthews, bá wọn lọ láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kó púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, FitzRoy sì ní láti gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà bọ́.

Ìrìn-àjò kejì tí Beagle rìn lábẹ́ FitzRoy bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, ọdún 1831, ó sì gbà wọ́n tó ọdún márùn-ún. Aago 22 ni ó kó sínú ọkọ̀ náà, kí ó lè mọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lójú ayé láìṣì. Nítorí ẹ̀rù àdáwà tí a ti sọ ṣáájú, ó wá ẹni tí ó kàwé tí yóò máa bá a jẹun tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀, ẹni tí a sì rí ni Darwin, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22. Iṣẹ́ wíwọn etíkun náà pọ̀ ju agbára ọkọ̀ kan lọ, nítorí náà FitzRoy fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ kejì, ó sì rò pé ìjọba yóò san án padà. Ìjọba kọ̀. Ní ọdún 1834 ó ní láti tà á ní Valparaíso, ìbànújẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pàrọwà fún un tí ó fi dúró. Bí ó bá ti lọ ní ọdún náà ni, kì bá tí sí ní Chile ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí a ní iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ fún un.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì, ọdún 1835, kí ọ̀sán tó pọ́n, ilẹ̀ mì tìtì ní Chile. Beagle wà ní èbúté Valdivia ní ọjọ́ náà. Darwin dùbúlẹ̀ nínú igbó láti sinmi nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà àríwá ni ìparun náà ti pọ̀ jù. Nígbà tí Beagle dé Talcahuano, èbúté ìlú Concepción, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, kò sí ilé kan tí ènìyàn lè gbé. Igi, àga àti tábìlì kún etíkun bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó fọ́ síbẹ̀. Ilé ìjọsìn ńlá Concepción, tí ògiri rẹ̀ nípọn púpọ̀, wó di òkìtì òkúta. Àwọn tí ó kú kò tó 100, nítorí pé ojúmọmọ ni ó ṣẹlẹ̀, àti pé àwọn ará ìlú náà ti mọ̀ láti sá jáde kúrò nínú ilé bí ilẹ̀ bá ti gbọ̀n díẹ̀.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tán ni òkun fà sẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ èbúté sì hàn síta. Lẹ́yìn náà ni ìgbì ńlá mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn wá. Omi náà ga ju ibi tí ìkún òkun máa ń dé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 23. Ó gbé ọkọ̀ onígbòkun kan sọ sáàárín àwókù ilé, ní yáàdì 200 sí etí òkun, ó sì ti àgbá ìbọn kan tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 4 kúrò ní àyè rẹ̀. FitzRoy wádìí gbogbo nǹkan wọ̀nyí lẹ́nu àwọn tí ó rí wọn, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró lórí ohun tí a sọ fún un nìkan. Ó ṣàkíyèsí pé ní Talcahuano, omi òkun kò dé ibi tí ó ti máa ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún kù. Ìbéèrè kan sì dìde ní ọkàn rẹ̀: òkun ni ó lọ sílẹ̀ ni, tàbí ilẹ̀ ni ó gòkè?

Láti rí ìdáhùn, ó lọ sí erékùṣù Santa María, tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Concepción, ní ẹnu Gulf Arauco. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ náà ni ó débẹ̀. Òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé wọn. Ilẹ̀ olókùúta gbígbòòrò tí omi ti máa ń bò tẹ́lẹ̀ ní ìhà àríwá erékùṣù náà ti di gbígbẹ, àwọn ẹran inú ìkarahun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta sì ti kú lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń rà lábẹ́ oòrùn. FitzRoy mọ̀ pé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kì í gbé ibi tí omi kì í dé. Nítorí náà òkúta náà fúnra rẹ̀ di ọ̀pá ìwọ̀n: láti ibi tí òkú ìkarahun ga dé lára àpáta títí dé ibi tí omi dé nísinsìnyí ni gíga tí ilẹ̀ náà fi gòkè. Ó wọ̀n ọ́n ní ibi púpọ̀. Ní ìpẹ̀kun gúúsù, ẹsẹ̀ bàtà 8. Ní àárín, ẹsẹ̀ bàtà 9. Ní ìpẹ̀kun àríwá, ẹsẹ̀ bàtà 10. Erékùṣù náà kò gòkè nìkan, ó tún fi ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, bí ẹni pé a fi igi kan gbé ìdí rẹ̀ sókè.

Ẹlòmíràn ìbá ti dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n FitzRoy mọ̀ pé ẹni kan lè sọ pé ìgbì òkun ni ó gbé ìkarahun wọ̀nyẹn sókè. Nítorí náà ó tún wọn ìsàlẹ̀ òkun. Ó mú kí a máa sọ okùn olójé yí erékùṣù náà ká, a sì fi ohun tí a rí wé ìwọ̀n àtijọ́. Níbi gbogbo, omi ti dín ní fátọ́ọ̀mù kan àti ààbọ̀. Fátọ́ọ̀mù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6; fátọ́ọ̀mù kan àti ààbọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa: ohun tí ìkarahun wí lórí àpáta ni òjé wí nísàlẹ̀ omi. Lẹ́yìn náà ni ó bi àwọn ará erékùṣù náà léèrè, wọ́n sì jẹ́rìí sí i pẹ̀lú. Èbúté tí ó wà ní ìhà gúúsù, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń rí ààbò, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, nítorí tí omi rẹ̀ kò jìn tó mọ́. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ó pè, gbogbo wọn sì fi ohùn kan sọ̀rọ̀.

Nǹkan kan wà tí a fẹ́ràn jù nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí ó padà sí Talcahuano, ó tún wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún nì ti di méjì péré ní àárín oṣù Kẹrin. Ilẹ̀ náà ti tún ń rọ̀ sílẹ̀. Èyí kò mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn sí i. Ó lè mú kí àwọn ènìyàn máa ṣiyèméjì sí ìwọ̀n rẹ̀ àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí i. Kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Beagle padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹwàá ọdún 1836, Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ilẹ̀-ayé sì fi àmì ẹ̀yẹ oníwúrà dá FitzRoy lọ́lá ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nínú ìwé ìrìn-àjò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1839 ni ọ̀nà òun àti Darwin ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Darwin mú ìwọ̀n Santa María gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé òkè ńlá Andes kò dìde lójọ́ kan, pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ga sókè nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsẹ̀lẹ̀ láti ìgbà láéláé. FitzRoy ní tirẹ̀ ti di ẹni tí ó di Bíbélì mú ṣinṣin ju ti ìṣáájú lọ, ó sì fi orí kan kún ìwé rẹ̀ láti fi hàn pé ìkún-omi ọjọ́ Noa ni ó kó ìkarahun lọ sórí òkè. Ní ọdún 1860, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ìwé Darwin ní Oxford, FitzRoy dìde, ó sì gbé Bíbélì sókè lójú gbogbo wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ wa níhìn-ín láti ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: ìwé kan náà tí ó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí ni ó fi ẹsẹ̀ bàtà 8, 9 àti 10 sí. Ó mọ ohun tí ọ̀rẹ́ òun ń fi ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe, síbẹ̀ kò bò wọ́n mọ́lẹ̀, kò sì dín wọn kù. Ẹni tí ó fi òtítọ́ lé ọwọ́ ẹni tí ó ń bá a jiyàn, ẹni bẹ́ẹ̀ ni olóòótọ́.

Ìgbà tí ó kù nínú ayé rẹ̀ kò rọrùn. Ní ọdún 1843 a fi í ṣe Gómìnà ilẹ̀ New Zealand. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ ní Wairau ní ọdún kan náà, kí ó tó débẹ̀, láàárín àwọn aláwọ̀ funfun tí ń wá ilẹ̀ àti àwọn Maori tí wọ́n ni ín, aláwọ̀ funfun 22 sì kú. FitzRoy wádìí rẹ̀, ó sì dájọ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó jẹ̀bi, nítorí wọ́n lọ wọn ilẹ̀ tí wọn kò tíì rà. Ìdájọ́ yìí mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ kórìíra rẹ̀. Owó ìjọba kò tó, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà àríwá, a sì pè é padà sílé ní ọdún 1845.

Ní ọdún 1854 ni a fi í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí yóò máa kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ láti inú ọkọ̀ òkun. Òun kò fẹ́ kí ìròyìn náà kàn wà nínú àpótí. Ó pín bàrómítà fún àwọn abúlé apẹja, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n wọ omi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1859, ìjì ńlá kan fọ́ ọkọ̀ Royal Charter létí erékùṣù Anglesey, ènìyàn tí ó ju 400 lọ sì ṣègbé nígbà tí wọ́n ti ń wo ilé lọ́ọ̀ọ́kán. FitzRoy rántí àwọn atukọ̀ rẹ̀ méjì ti Maldonado. Ó ṣètò pé kí àwọn ènìyàn láti èbúté púpọ̀ máa fi wáyà tẹligíráàfù sọ bí afẹ́fẹ́ ti rí lọ́dọ̀ wọn ní òròòwúrọ̀, kí òun sì máa fi wáyà kan náà kìlọ̀ fún èbúté tí ìjì ń bọ̀ wá bá. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejì ọdún 1861. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún náà, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn ní London. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe irú èyí fún gbogbo ènìyàn nínú ìwé ìròyìn.

Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé ìjì ń bọ̀ tí ìjì kò sì dé, wọn a fi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé ìmọ̀ kò tíì tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ̀ ọ́ lára. Ó ti ná owó rẹ̀ tán lórí iṣẹ́ ìjọba, agbára etí rẹ̀ ń dín kù, àárẹ̀ sì mú ara àti ọkàn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọdún 1865, ohun tí ó ti ń bà á lẹ́rù láti ìgbà èwe rẹ̀ dé bá a. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní ilé rẹ̀ ní Upper Norwood, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Gbèsè ni ó fi sílẹ̀ fún aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá owó jọ, Darwin tí wọ́n ti jọ jiyàn sì dá £100. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a fòpin sí ìkìlọ̀ ìjì náà. Àwọn atukọ̀ àti apẹja kígbe pé kí a dá a padà, kò sì pẹ́ tí a fi dá a padà. Ẹ̀rí àwọn tí ń wọ omi nìyí.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, a óò sọ pé ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2010, ọdún 175 lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ ti FitzRoy, ilẹ̀ tún mì tìtì ní agbègbè kan náà ní Chile. Agbára rẹ̀ tó 8.8 lórí òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀, ènìyàn tí ó ju 500 lọ sì kú. Erékùṣù Santa María tún gòkè, ní nǹkan bí mítà 1.8, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 6. Àwọn onímọ̀ wá fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ náà ti ń ṣe láàárín ìsẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Níbo ni wọn yóò ti rí i? Nínú ìwọ̀n òkun tí a ṣe ní ọdún 1804, èyí tí FitzRoy ṣe ní ọdún 1835, àti èyí tí a ṣe ní ọdún 1886. Wọ́n fi wọ́n wé èyí tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n ní ìgbà tiwa, ẹ̀rọ tí ń rán ohùn sí ìsàlẹ̀ omi, tí ó sì ń ka àkókò tí gbohùngbohùn rẹ̀ fi padà. Ní ọdún 2015 wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: láàárín ìsẹ̀lẹ̀ méjèèjì, erékùṣù náà ti rọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 1.4, kí ti ọdún 2010 tó tún gbé e sókè.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Èèpo ayé kì í ṣe odindi. Ó pín sí awẹ́ ńláńlá bí obì. Lábẹ́ òkun Chile, awẹ́ kan ń wọ abẹ́ èkejì lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti pàdé dì mọ́ra. Èyí tí ń lọ sísàlẹ̀ a máa fa etí ti òkè mọ́ra, a sì tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí ó tẹ ọ̀pá tútù. Nígbà tí ojú ìdìmọ́ náà bá já, ọ̀pá náà a ta padà sókè: ìyẹn ni ìsẹ̀lẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn onímọ̀ ti fi ohùn wá inú ilẹ̀ abẹ́ òkun nítòsí Santa María, wọ́n sì ti ya àwòrán àwọn ibi tí àpáta ti sán, tí ìhà kan ń gun orí èkejì, tí gbòǹgbò wọn sì dé ojú ibi tí awẹ́ méjèèjì ti pàdé. Lórí irú sísán bẹ́ẹ̀ ni erékùṣù náà jókòó sí. Nítorí èyí, kì í ṣe gbogbo gíga rẹ̀ ni ó ń padà sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé ó lè jẹ́ ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń dúró, ìyẹn ni ó sì ń mú kí etíkun náà máa ga láti ìran dé ìran. FitzRoy kò mọ ìkankan nínú èyí. Kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó wọ̀n ọ́n dáadáa tí ó sì kọ ọ́ bí ó ti rí, àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a óò tú ká lọ sí ilé-ìwé kéékèèké, níbi tí kò ti ní sí alábòójútó tí yóò wo ìwé wa lójoojúmọ́. A óò máa kọ iye ọmọ tí ó wá àti iye tí kò wá, a óò máa wọn òjò, a óò sì máa kọ máàkì ọmọ tí a fẹ́ràn àti ti ọmọ tí a kò fẹ́ràn. Ọjọ́ kan yóò wà tí iye náà kò ní bá ohun tí à ń fẹ́ mu, tí yóò sì rọrùn láti fi ẹyọ kan kún un tàbí láti yọ ọ̀kan kúrò. Ní ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a rántí ọkùnrin tí ó dúró láàárín òkú ìkarahun ní Santa María pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lọ́wọ́. Nǹkan púpọ̀ ni ayé gbà lọ́wọ́ rẹ̀: owó rẹ̀, ipò rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àlàáfíà ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 8, ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ẹsẹ̀ bàtà 10 nì wà níbẹ̀ bí ó ti kọ wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.